Wágọ́nù Bàbá Alàgbà

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ìró méjì ló máa ń jí mi láràárọ̀ nílé wa ní Adó-Èkìtì. Ìkíní ni ìgbálẹ̀ Màámi tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ lórí ilẹ̀ àgbàlá, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí igi máńgòrò. Ìkejì ni ọkọ̀ Bàámi. Bàámi á yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ náà á wúkọ́ bí arúgbó tí ọyẹ́ mú, á sì dákẹ́. Bí ó bá ti dákẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, Bàámi á yọ orí síta, á ní, "Ẹ jáde o, ará ilé!" Màámi á ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, èmi àti Fúnmi ẹ̀gbọ́n mi á sáré jáde nínú yàrá pẹ̀lú ojú oorun, a ó sì máa ti ọkọ̀ náà lọ sí ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́. Yèyé, ìyá Bàámi, kì í jáde nítorí orúnkún rẹ̀. Láti ojú fèrèsé ni ó ti ń fi ẹnu bá wa tì í. "Ẹ rọra o! Àgbà ni! Ẹ má tì í bí ẹni ń ti ewúrẹ́!" Òun ló sọ ọkọ̀ náà ní Sùúrù. Ó ní ẹni tí kò bá ní in kò lè wọ̀ ọ́.

Iṣẹ́ káfíńtà ni Bàámi ń ṣe ní àdúgbò Adébáyọ̀, Màámi sì ń ta ìrẹsì tí ó máa ń lọ kó ní Ìgbẹ́mọ, ìlú Yèyé. Sùúrù nìkan ló ń ru gbogbo rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pákó ni, pákó á yọ ẹsẹ̀ síta lójú fèrèsé. Bí ó bá jẹ́ ìrẹsì ni, ìdí ọkọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbá ilẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Yèyé ni a ó gbé wọlé síwájú, a ó ti ìjókòó rẹ̀ sẹ́yìn pátápátá kí ó lè na ẹsẹ̀, àwa yòókù á sì há ara wa mọ́ ẹ̀yìn bí ẹja inú agolo. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn. Níbi tí èèyàn bá ti há, kò sí ẹni tí ó ń wo ojú ẹni. Mo jẹ́ ọmọ tí ojú máa ń tì ju bó ṣe yẹ lọ. Bí tíṣà bá pe orúkọ mi, Rónkẹ́, ní kíláàsì, mo mọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò ní ṣí. Ìdí kan rèé tí ilé ìwé kò fi bá mi lọ jìnnà. Títí di òní, bí oníbàárà bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ohùn mi tó jáde kí i. Fúnmi ní tirẹ̀ lè bá òkúta sọ̀rọ̀ kí òkúta dá a lóhùn. Àwọn èèyàn máa ń bi Màámi pé, "Ṣé èyí kò ní ahọ́n ni?" Yèyé á dáhùn láti inú yàrá pé, "Ó ní ahọ́n. Etí rẹ̀ ló ń lò lọ́wọ́."

Òótọ́ ni Yèyé sọ, òun náà ló sì kọ́ mi ní bí a ṣe ń lò ó. Nílé wa, iyán ni oúnjẹ. Ìrẹsì tí Màámi ń tà, títà ni. Bí a bá jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, Yèyé á tún béèrè ìgbà tí a máa jẹun. Màámi àti Fúnmi ni wọ́n máa ń gún iyán náà lábẹ́ igi máńgòrò. Yèyé á jókòó lórí ẹní nínú yàrá, á na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, níbi tí kò ti lè rí odó rárá. Síbẹ̀ òun ló ń sọ ìgbà tí iyán bá kúnná. "Uṣu yín ṣì ní kókó," bẹ́ẹ̀ ni á wí, nítorí uṣu ni àwọn àgbà wa ń pe iṣu, kò sì pè é bí ti àwọn ará Ìbàdàn rí. Fúnmi á ní, "Yèyé, ẹ ò rí i!" Yèyé á ní, "Mo gbọ́ ọ." Bí Màámi bá sì fi ọwọ́ tẹ iyán náà wò, á bá kókó. Èmi ni mo máa ń jókòó tì í, tí mò ń fi òrí pa orúnkún rẹ̀. Á ní, "Di ojú rẹ. Kí lo gbọ́?" Díẹ̀díẹ̀ ni mo fi mọ̀ ọ́n. Bí iṣu bá ṣì ní kókó, ìró rẹ̀ á wúwo, á sì le. Bí ó bá ti ń kúnná, á máa rọ̀, bí ẹni fi àtẹ́lẹwọ́ gbá itan. Bí ọmọrí odó bá ṣèèṣì gba etí odó, ìró yẹn á dá yàtọ̀: kàn! Á gbẹ, kò ní ẹran lára. Yèyé á ṣẹ́jú, á ní, "Fúnmi, odó ni o ń gún un, àbí uṣu?"

Òjò kan ló mú kí Sùúrù tán nínú Màámi. Ọ̀nà Ìgbẹ́mọ ni ọkọ̀ náà kú sí lọ́sàn-án kan pẹ̀lú àpò ìrẹsì mẹ́rin, òjò sì bẹ̀rẹ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ni Bàámi ń ṣí, tí ó ń pa dé, omi sì ń gba inú ihò tí ìpẹtà ti jẹ wọlé sí ìdí ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n fi dé ilé, ìrẹsì ti wú. A tẹ́ tapólì, a sá a títí, ṣùgbọ́n òórùn omi kò kúrò lára rẹ̀. Ìyá kan tí ó ti ń ra ìrẹsì lọ́wọ́ Màámi láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi gbé ẹ̀kúnwọ́ rẹ̀ sí imú, ó dà á padà, kò sọ nǹkan kan, ó sì kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Màámi sunkún lọ́jọ́ náà nínú ilé ìdáná, a sì ṣe bí ẹni pé èéfín ni. Lálẹ́ ni Bàámi sọ pé owó tí òun ti ń fi pamọ́ láti ra ẹ̀rọ tí ń gé pákó, òun máa fi ra ọkọ̀. Wágọ́nù ni wọ́n fẹ́, èyí tí ìdí rẹ̀ gùn, tí pákó lè dùbúlẹ̀ sí, tí òjò kò ní kan ìrẹsì, tí Yèyé sì lè na ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni owó náà lè rà. Bí a bá rà á tí kò dára, a ti pàdánù ẹ̀rọ, a ti pàdánù ọkọ̀, ọjà Màámi náà sì ti parí.

A kọ́kọ́ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀ lẹ́bàá títì. Ọkùnrin kan tó lo dígí dúdú ṣí ìlẹ̀kùn wágọ́nù aláwọ̀ ewé kan fún wa, òórùn dídùn kan sì tú jáde. "Màdámù, ẹ gbóòórùn rẹ̀! Kò tíì pẹ́ tó dé láti òkè òkun." Màámi fa imú. "Lọ́fínńdà ni mò ń gbọ́," ó ní. "Kí ló wà lábẹ́ lọ́fínńdà?" Kí ọkùnrin náà tó dáhùn, Màámi ti bẹ̀rẹ̀, ó ti ká kápẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ ọkọ̀ sókè bí ẹni ká ẹní ọmọ tó tọ̀. Ẹrẹ̀ gbígbẹ wà níbẹ̀. Màámi ní, "Ọkọ̀ yín ti lúwẹ̀ẹ́ rí." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà kì í wẹ̀ ni, Màdámù?" "Mo máa ń wẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fẹ́ fi mí ru ìrẹsì." Bàámi rẹ́rìn-ín títí a fi dé ilé. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé àwọn òbí mi kì í ṣe òmùgọ̀. Lọ́dọ̀ àlejò, ojú wọn là kedere.

Ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n mọ̀ ni ojú wọn kì í là. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Sùúrù kọ̀ láti tan ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Alàgbà sì ní kí gbogbo wa bọ́ sínú ọkọ̀ òun. Àgbà ìjọ wa ni Bàbá Alàgbà, ẹni gíga tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Wágọ́nù ni ó ní, aláwọ̀ wàrà, tí ó máa ń fọ̀ fúnra rẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Ó rà á nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́fà ṣì wà nílé, ṣùgbọ́n wọ́n ti lọ tán. Ọ̀rá tí ó fi bo ìjókòó ẹ̀yìn ṣì wà lára rẹ̀, ó ń dún wúyẹ́wúyẹ́ lábẹ́ ìdí wa. Àwa mẹ́jọ ni a kún inú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú àwọn obìnrin akọrin méjì. Mo wà ní ìkángun pátápátá, lórí táyà ọ̀tún. Bí ọkọ̀ ṣe bọ́ sínú kòtò kan báyìí ni mo gbọ́ ọ lábẹ́ mi: kàn! Mo wo ojú àwọn yòókù. Orin ni wọ́n ń kọ, Yèyé alára ń pàtẹ́wọ́ sí i. A tún bọ́ sí kòtò mìíràn. Kàn! Etí odó. Níwájú, Bàbá Alàgbà ń sọ fún Bàámi pé òun fẹ́ ta ọkọ̀ náà, pé ó ti tóbi jù fún èèyàn kan, pé kò sí ẹni tó wu òun láti tà á fún bí ìdílé tó máa kún inú rẹ̀. Kí a tó dé ilé, Bàámi ti gbà. Sátidé ni yóò san owó, lọ́jọ́ Ìsinmi sì ni a ó gbé e lọ síwájú ṣọ́ọ̀ṣì fún ìdúpẹ́. Fúnmi ti ń bá àwọn akọrin yan orin. Èmi sì ń fi etí dúró de kòtò tó kàn.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo gbọ́ ohùn wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màámi ní, "Bàbá Fúnmi, ṣé ẹ ò ní mú mẹkáníìkì lọ wò ó?"

"Mẹkáníìkì? Sí ọkọ̀ Bàbá Alàgbà? Ṣé kí n kúkú mú ọlọ́pàá lọ bá bàbá mi nílé?"

"Mi ò pe ọlọ́pàá. Mẹkáníìkì ni mo pè."

"Bákan náà ni. Ẹni tó ń ṣáájú wa nínú àdúrà! Bí mo bá ní kí wọ́n yẹ abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ wò, ojú wo ni màá fi kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀?"

Màámi náà mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí láàrin wa. Ẹrù àlejò, a máa yí i wò lókè nílẹ̀. Ẹrù àgbà ìjọ, ọwọ́ méjèèjì ni a fi ń gbà á, a ó sì dọ̀bálẹ̀. Ọ̀nà yẹn náà ni rédíò tí kò sọ̀rọ̀ gbà wọ ilé wa, àti àgùntàn kan tó jẹ́ pé ojú kan ṣoṣo ló fi ń ríran. Bàámi kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé àgùntàn náà kò ríran dáadáa.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mò ń pa orúnkún Yèyé lórí ẹní, omi sì ń bọ́ lójú mi, n kò tilẹ̀ mọ̀. Yèyé ní, "Orúnkún ta ló ń dùn báyìí?" Mo ní kò sí ẹni kankan. "Fún ẹni tí kò sí, ó ń sunkún dáadáa." Mo dìde, mo jáde lọ sí ìdí odó, mo mú ọmọrí odó, mo sì fi gbá etí odó lẹ́ẹ̀kan. Kàn! Mo wọlé padà. Yèyé ti di ojú.

"Níbo?" ó béèrè.

"Lábẹ́ ọkọ̀ Bàbá Alàgbà. Ní ọ̀tún. Bí ó bá bọ́ sí kòtò."

"Ìgbà gbogbo?"

"Ìgbà tí a kún inú rẹ̀ ni. Lẹ́yìn tí àwọn akọrin bọ́ sílẹ̀, kò dún mọ́."

"O ò sọ fún bàbá rẹ."

"Ojú ń tì mí, Yèyé. Wọ́n á ní mo pe Bàbá Alàgbà ní òpùrọ́."

Kò bá mi wí. Ó fi ọwọ́ tí òrí wà lára rẹ̀ nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó ní, "Ìtìjú kò burú. Ẹnu ẹni tó ń tijú kì í dí etí rẹ̀ lọ́wọ́. Lọ gbé omi wá kí n mu." Mo ti dàgbà díẹ̀ báyìí, mo sì máa ń ronú lé ọjọ́ yẹn. Ẹlòmíràn ìbá ti fà mí lọ́wọ́ lọ síwájú Bàámi, kí n sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn. Yèyé gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí mi bí ẹni sọ ẹrù fún ọmọdé, ó sì gbé e karí tirẹ̀.

Nígbà tí Bàbá Alàgbà yà kí wa ní ọjọ́ kejì, Yèyé ti ń dúró dè é pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. "Alàgbà, ẹ ṣàánú arúgbó. Ó wù mí kí n rí ulé bàbá mi ní Ìgbẹ́mọ, ẹsẹ̀ mi ò sì wọ Sùúrù mọ́."

"Ìyá, ẹ pàṣẹ ni! Ọ̀la ni a ó lọ."

"Ìrẹsì díẹ̀ tún wà níbẹ̀ tí ìyàwó mi fẹ́ kó."

"Ṣé ọkọ̀ kò ṣófo ni, Ìyá? Ẹ kó o!"

Lẹ́yìn tí ó lọ, Bàámi dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá. "Yèyé, ṣé kì í ṣe pé ẹ fẹ́ dán ọkọ̀ àgbà wò?" Yèyé wò ó bí ẹni wo àjèjì. "Èmi? Mo ń lọ sí ulé bàbá mi. Ṣé ìyẹn náà ti di ẹ̀ṣẹ̀?"

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe lọ. Ní àlọ, ọkọ̀ náà ń yọ̀ lọ lórí títì bí ọṣẹ. Bàbá Alàgbà ń kọrin, inú rẹ̀ dùn pé òun ní èèyàn tí òun ń gbé. Ní Ìgbẹ́mọ, àwọn ìbátan Yèyé kó ìrẹsì jáde, àpò márùn-ún, wọ́n tún fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìdì igi ìdáná kan lé e. Ní àbọ̀, a dé ibi òkè kan tí ọ̀nà ti bàjẹ́. Mo di ìjókòó mú. Kàn! Orin Bàbá Alàgbà dúró. Kàn! Kàn!

"Kí ló ń lu nǹkan lẹ́yìn?"

"Bóyá àpò ìrẹsì ló ń yí, sà," Bàámi ní.

"Ìrẹsì kì í dún bí irin," Màámi ní, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Yèyé ń hanrun. Mo mọ bí Yèyé ṣe ń hanrun bí ó bá sùn lóòótọ́, èyí kọ́.

Ní orí òkè, Bàbá Alàgbà pa ọkọ̀, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ sínú eruku pẹ̀lú sòkòtò funfun rẹ̀ láti wo abẹ́ ọkọ̀. Bàámi fẹ́ dá a dúró, kò gbà. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò lé ara wọn láti gbé ìdí ọkọ̀ ló ń dún, èyí tó wà ní ọ̀tún ti sán. Bí ọkọ̀ bá ṣófo, á pa ẹnu dé. Bí ẹrù bá wà, á yà, á máa lu ara rẹ̀. Bí ó bá já pátápátá lórí òkè bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú gbogbo wa nínú rẹ̀, n kò fẹ́ ronú nípa rẹ̀. Bàbá Alàgbà dìde, ó fi ọwọ́ lé òrùlé ọkọ̀ náà.

"Mi ò gbọ́ ọ rí," ó ní. "Bàbá Fúnmi, mo fi Ọlọ́run búra, mi ò gbọ́ ọ rí. Èmi nìkan ni mo ń wà á. Kò sí ẹni tó ń jókòó sẹ́yìn."

Ojú ti Bàámi ju Bàbá Alàgbà alára lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ sójú ọ̀nà níbẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀, bí ẹni pé òun ló ṣẹ́ irin náà. Bàbá Alàgbà fà á dìde. "Ẹ má gbé owó kankan wá lọ́jọ́ Sátidé," ó ní. "Èmi ni n ó wá bá yín." A rọra wálé, ìrẹsì díẹ̀ dúró ní ilé ẹnìkan tí Yèyé mọ̀ lójú ọ̀nà.

Kò sí ìdúpẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi náà, Fúnmi sì bínú sí gbogbo ayé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ wágọ́nù ti parí, pé ẹnu mi, tí n kò tilẹ̀ là, ni ó bà á jẹ́. Bàámi ń bá Sùúrù ṣe é lọ. Wágọ́nù yẹn wà nílé wa di òní olónìí, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀. Ìpẹtà ti ń jẹ òun náà. Adìẹ ń yé sí abẹ́ rẹ̀, Bàámi sì pè mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá pé àwọn tún ń wá ọkọ̀, pé kí n ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé kí n wá jókòó sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ yẹn, n kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Màámi ti ń sọ pé bóyá kí òun máa ta iyọ̀, èyí tí òun kò ní fi ọkọ̀ kó.

Ọ̀sán ọjọ́bọ̀ kan ni a gbọ́ fèrè ọkọ̀ ní ẹnu ọ̀nà, gígùn bí ti ọkọ̀ ìyàwó. Bàbá Alàgbà ni. Ó ti ṣe irin méjèèjì, ti ọ̀tún àti ti òsì. Ó ti yọ ọ̀rá kúrò lára ìjókòó. Ó sì kó iṣu oko rẹ̀ kún ọkọ̀ náà dé òrùlé ní ẹ̀yìn, àyè ìjókòó nìkan ló kù. "Ẹ wọlé!" ó ń pariwo. "Gbogbo yín! Ìyá náà! Ẹ jẹ́ kí a gun òkè!" Bàámi bẹ̀rẹ̀, "Bàbá, kò tó bẹ́ẹ̀, a gbà yín gbọ́, sà." Bàbá Alàgbà ní, "Ẹ má gbà mí gbọ́. Ẹ gbọ́ ọkọ̀."

Yèyé ni wọ́n gbé wọlé síwájú. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì tán, kò kan nǹkan kan. Ó wá yíjú padà. "Ibi tí Rónkẹ́ jókòó sí níjọ́sí, ẹ jẹ́ kó jókòó síbẹ̀," ó ní. "Òun ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ." Gbogbo wọn wò mí. Bàámi wò mí, Màámi wò mí, Bàbá Alàgbà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Mo rọra wọlé sí orí táyà ọ̀tún láàrin iṣu.

A gun òkè kan lẹ́yìn ilé wa, èyí tó burú jù ládùúgbò. Bàbá Alàgbà kò kọrin. A bọ́ sínú kòtò, a jáde. A bọ́ sí òmíràn, iṣu mì, ọkọ̀ rọra tẹ̀ sílẹ̀, ó sì gbé ara rẹ̀ sókè. Bí a ṣe dé òkè, Bàbá Alàgbà pa ẹ́ńjìnnì, mo sì ń gbọ́ èémí Bàámi.

Yèyé kò wẹ̀yìn. Ó ní, "Di ojú rẹ. Kí lo gbọ́?"

Mo ti di í tẹ́lẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ohùn mi tó jáde, wọ́n sì dúró dè é.

"Ó ti kúnná, Yèyé," mo ní. "Ẹ rà á, Bàámi."